Ọdún Kan fún Gọ́tà àti Etí Ọ̀sà: Iṣẹ́ Tó Yẹ Àgùnbánirọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Láti ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973 tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti dá ètò àgùnbánirọ̀ NYSC sílẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ń fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba wọn. Ilé ìwé àti ọ́fíìsì ni wọ́n ń rán púpọ̀ nínú wọn lọ. Ní ti àyíká, ọjọ́ CDS (iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, ló kù fún un. Ohun tí ìwé yìí ń béèrè ni pé kí iṣẹ́ gọ́tà, kánáàlì àti etí ọ̀sà di ojúlówó iṣẹ́ ọdún kan fún àwọn àgùnbánirọ̀ kan ní Ṣómólú àti Bàrígà l'Ékòó, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí kò ní ìwé-ẹ̀rí gíga sì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa gbowó oṣù.

Ẹni tó bá mọ bí omi ṣe ń rìn níbí á mọ ìdí tí ọjọ́ kan kò fi tó. Ọ̀sà ni omi òjò ń wá lọ. Bí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà a dúró. Bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti àjákù pépà láti àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú bá tún dí i, omi a yà wọlé onílé. Bí wọ́n bá sì fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ jáde, ẹ̀bá gọ́tà náà ni wọ́n ń kó o jọ sí. Bí ọkọ̀ kò bá tètè wá gbé e, òjò kan ṣoṣo ti fọ̀ ọ́ padà síbi tó ti wá. A ti gbìyànjú tipátipá rí. Ìmọ́tótó àyíká tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ láyé Buhari ló di Sátidé ìparí oṣù l'Ékòó, tí ẹnikẹ́ni kì í jáde láago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ní kò bófin mu láti sé èèyàn mọ́lé nítorí rẹ̀; ní oṣù kọkànlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé e. Lójú tèmi, wákàtí mẹ́ta lóṣù tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó ń gbowó lé lórí yóò ṣe.

Wọ́n ti san owó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà: nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ní 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt dá Civilian Conservation Corps (ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú àyíká) sílẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọ̀dọ́kùnrin ló gba ibẹ̀ kọjá kó tó kógbá sílé ní 1942, wọ́n sì gbin igi tó tó bílíọ̀nù 3. Dọ́là 30 ni wọ́n ń gbà lóṣù, 25 nínú rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Ọmọ tálákà tí kò ríṣẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ yunifásítì. (Wọn kò gba obìnrin, wọ́n sì ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀; ìyẹn kọ́ la fẹ́ kọ́ lára wọn.) Irú ètò kan náà, American Climate Corps, tí Ààrẹ Biden dá sílẹ̀ ní 2023 kò ní òfin tirẹ̀ lẹ́yìn, kò sì kọjá oṣù kìíní 2025. Ìdí nìyẹn tí ètò tiwa fi gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó kọjá.

Àwọn kan á ní, ṣé torí àtikó ẹrẹ̀ lọmọ ṣe lọ sí yunifásítì? Ẹnjiníà ló máa wọ̀n bí gọ́tà ṣe dagẹ̀rẹ̀, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìlera ló máa wá ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí, ọmọ apẹja Ìlàjẹ ní Bàrígà ló sì mọ ìgbà tí ọ̀sà ń kún ju àwọn méjèèjì lọ. Gbogbo wọn ni yóò di ṣọ́bìrì mú. Ti owó ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ti ń san náírà 77,000 fún àgùnbánirọ̀ kọ̀ọ̀kan láti 2025, ì báà níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ì báà máa jókòó ní ọ́fíìsì. Owó ọmọ àdúgbò, bàtà òjò àti ọkọ̀ akẹ́rẹ̀ ló ṣẹ́kù fún ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù orúkọ àwọn tí kò sí láyé nínú ìwé owó oṣù kò ṣì í: ẹ lẹ orúkọ àti òpópónà tí oníkálùkù ń tọ́jú mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀, kí ará àdúgbò fojú ara wọn rí i. Àwọn tó ti ń kó gọ́tà tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá, láti ẹnu ọ̀sà ní Bàrígà wá sókè, torí pé bí ẹnu kánáàlì bá ṣì dí, kò sí ibi tí omi gọ́tà òkè yóò gbà jáde.