Iye Iná Tí Ó Tọ́ sí Servo

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó fẹ́ràn láti máa fi rédíò darí ọkọ̀ òfurufú àfiṣeré tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò. Eré ọlọ́gbọ́n ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò kan gbilẹ̀ láàárín wọn tí èmi kò lè fara mọ́, èyí nì ni pé bí iná bátìrì bá ti pọ̀ tó ni ọkọ̀ yóò ti dára tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo servo fúnra rẹ̀. Àpótí kékeré ni, tí ó tó páálí ìṣáná. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń yí wà, pẹ̀lú eyín jíà mélòó kan. Òun ni ó ń gba àṣẹ rédíò, tí ó sì ń fa ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Fólítì 4.8 sí 6 ni a ṣe èyí tí ó wọ́pọ̀ fún, nítorí pé ẹyọ bátìrì níkẹ́lì kan a máa ní fólítì 1.2, mẹ́rin jẹ́ 4.8, márùn-ún jẹ́ 6. Ẹ wo servo S3003 ti ilé-iṣẹ́ Futaba ní ilẹ̀ Japan. Lórí fólítì 4.8, ó lè gbé kìló 3.2 tí a so mọ́ apá rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà kan sí ibi tí apá náà ti ń yí. Lórí 6, ó lè gbé kìló 4.1, ó sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà kò purọ́, nígbà náà. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọmọ náà yóò mú bátìrì lítíọ́mù ẹlẹ́yọ méjì tí a kọ 7.4 sí lára, yóò ní, “Ṣebí díẹ̀ ni ó fi ju 6 lọ.” Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àárín ni 7.4 yìí, bí bátìrì náà bá gba iná yó, 8.4 ni yóò kà. Bí nǹkan bá sì há servo mọ́ ibì kan, ooru inú wáyà rẹ̀ kì í bá fólítì rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ẹ fi 6 pín 8.4, ẹ ó rí 1.4, ẹ fi 1.4 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí 1.96. Ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì! Ọkọ̀ tí servo rẹ̀ jó lókè kò ní olùdarí mọ́, àwọn mìíràn sì wúwo tó kìló mẹ́ta, tí abẹ̀bẹ̀ iwájú wọn ń yí kíkankíkan. Ta ni yóò bọ́ lé lórí?

Àwọn kan yóò wí pé àwọn ti lò ó bẹ́ẹ̀ tí kò jó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan ni jíà ń jẹ tán. Iná tí ó kéré jù náà ní ewu tirẹ̀: bí servo púpọ̀ bá fa bátìrì aláìlágbára lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ rédíò lè kú lójijì.

Ní tèmi, kí a ka ìwé tí oníṣẹ́ fi sínú páálí, kí a sì fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ó bá yó. Ẹni tí ó bá fẹ́ lítíọ́mù dandan, kí ó ra servo tí a ṣe fún 8.4, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ tí ń dín iná kù sí àárín, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi sitẹbiláísà sí ìdí fìríìjì nínú ilé. Bí servo mẹ́rin bá sì wà lórí wáyà kan, tí ọ̀kan péré nínú wọn kò lè gbà ju 6 lọ, 6 ni òpin gbogbo wọn.