Kì Í Ṣe Aṣọ Ẹbí Ló Sọ Àgbẹ̀ Di Tálákà

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti sọ ọ́ dorin: wọ́n ní àṣà ló ń gbé ìlú ga, àṣà náà ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, ló sọ Kòríà dọlọ́rọ̀, pé àríyá, aṣọ ẹbí àti ẹrù ẹbí ni kò jẹ́ kí Yorùbá là. Irọ́ gbuu!

Ẹ wo Kòríà ọ̀hún. Èdè kan náà, baba ńlá kan náà, kí wọ́n tó là á sí méjì lọ́dún 1945. Lónìí, apá Gúúsù ń ta ọkọ̀ fún gbogbo ayé. Ìyàn mú lápá Àríwá lẹ́yìn 1994, èèyàn sì kú lọ bẹẹrẹ. Ṣé àṣà ló yà wọ́n? Confucius yìí kan náà ni Max Weber, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Jámánì, dá lẹ́bi nígbà tó ń wá ìdí tí Ṣáínà fi rẹ̀yìn. Ìgbà tí owó dé ni àwọn ọ̀mọ̀wé yí ohùn padà.

Tiwa ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, J. K. Coker àtàwọn ará ìjọ African Church gbin kòkó sí Agége. Àwọn lébìrà tó wá láti òkè kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n di hóró kòkó lọ sílé. Ìjọba kọ́ ló yá wọn lówó. Ẹbí ló fún wọn nílẹ̀, àáró àti ọ̀wẹ̀ ló bá wọn ṣán igbó, èsúsú ló kan páànù sórí ilé wọn. Ẹbí tí wọ́n ń bú yìí náà ni o! Ẹni tó gbin igi tí kò ní so dáadáa fún bí ọdún márùn-ún, ta ló lè pè é ní ẹni tí kì í ro ọ̀la?

Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni wàhálà ti wá. Cocoa Marketing Board tí òyìnbó dá sílẹ̀ lọ́dún 1947 ń ra kòkó lówó tí kò tó iye tó ń tà á lókè òkun, ó ní òun ń bá àgbẹ̀ tọ́jú ìyókù. Bọ́ọ̀dù ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó jogún rẹ̀ kò yàtọ̀. Lóòótọ́, owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, kò sẹ́ni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀ tó ṣe olórí ìjọba náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ G. B. A. Coker (orúkọ ló jọra) tú àṣírí bí owó bọ́ọ̀dù ṣe gbọ̀nà ẹ̀yìn dé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Nígbà tó di 1968, tí owó kòkó kéré, tí owó orí ń ga sí i, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà gbé ìbọn. Wọ́n tiẹ̀ já ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ò bá wọn sọ̀rọ̀ àṣà nígbà náà; owó orí ló dín kù, wọ́n sì padà sóko.