Gáàsì AC Kì í Tán Bí Epo: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Sanwó Fún Wíwá Ibi Tó Ń Jò

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láàárín Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò mọ̀ pé AC ọkọ̀ kì í ṣe fàájì mọ́. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìyànà-Ìbà lè dá èèyàn dúró sínú oòrùn títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ eruku àti èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ò jẹ́ kí wíńdò ṣeé ṣí. Bí AC bá wá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ayé á kọ́kọ́ sọ ni pé, "Gáàsì ẹ ti tán, lọ rọ gáàsì." Wọ́n á so géèjì mọ́ ọn, wọ́n á rọ gáàsì, inú ọkọ̀ á tutù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ooru á padà dé.

Èmi ò ka ìyẹn sí àtúnṣe rárá. Gáàsì AC kì í jóná bíi bẹntiróò. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po. Èyí tó wà níbẹ̀ lánàá náà ló yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́la. Bó bá dín, ó gba ibì kan jáde ni. Ẹni tó ń fi ajere pọn omi ò ní yé lọ sódò.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tí atẹ́gùn fẹ́ sí yín lára, òtútù á mú yín, nítorí omi tó ń gbẹ lára yín ń kó ooru lọ. Ọgbọ́n kan náà ni AC ń lò. Gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ojú títì wa ni R134a. Tí kò bá sí ohun tó fún un pọ̀, ìwọ̀n -26°C ló ti máa ń hó. Bó ṣe ń hó nínú páìpù tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ á wá fún un pọ̀, á tì í lọ sí kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rẹdíétọ̀. Ibẹ̀ ló ti máa da ooru náà síta, tó sì máa padà di olómi.

Tí èyí bá ti yé wa, a ó rí i pé ibi tí wàhálà ti lè wá pọ̀. Bí AC bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tó wá ń gbóná tí ẹ bá ti dúró nínú gósílóò, ẹ kọ́kọ́ fura sí fáànù iwájú, tàbí kó jẹ́ pé eruku ti dí kọ́ńdẹ́ńsà. Láti 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí títì Èkó sí Àgbádárìgì, ta ni ò mọ eruku ibẹ̀? Bí kọ́ńpírẹ́sọ̀ ò bá gbéra rárá, ó lè jẹ́ fíúsì tàbí wáyà. Rírọ gáàsì ò lè wo ìkankan nínú wọn sàn. Kódà, bí gáàsì bá pọ̀ jù, òtútù á tún dín sí i ni.

Bó bá wá jẹ́ pé gáàsì ló dín lóòótọ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Gáàsì ń rìn pẹ̀lú ọ́ọ̀lì tó ń mú kọ́ńpírẹ́sọ̀ yọ̀, torí náà ibi tó bá ti ń jò sábà máa ń ní ọ́ọ̀lì àti ìdọ̀tí lára. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti naitirójìn sínú páìpù, á wo géèjì bóyá ó ń wálẹ̀, á fi omi ọṣẹ pa àwọn oríkèé rẹ̀. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó ló ń jò. Lẹ́yìn tó bá tún un ṣe, á fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde fún bí ìdajì wákàtí ó kéré tán, kó tó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì, ní iye tí wọ́n kọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ń fo gbogbo èyí, ọ́ọ̀lì á máa bá gáàsì lọ díẹ̀díẹ̀ títí kọ́ńpírẹ́sọ̀ á fi nọ́ọ̀kì. Owó kọ́ńpírẹ́sọ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ owó gáàsì.

Ọ̀rọ̀ náà ò parí sínú àpò wa. R12 tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ló fa àdéhùn Montreal ti 1987. R134a ò ba ozone jẹ́, àmọ́ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kìlógíráàmù kan carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,300. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ṣàdéhùn ní Kigali ní 2016 láti dín irú rẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀hún: ọkọ̀ kékeré ń gba nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù. Bó bá jò tán lẹ́ẹ̀kan, ó tó carbon dioxide 650 kìlógíráàmù, bí ẹni pé ẹ sun nǹkan bíi lítà bẹntiróò 280 láì dé ibì kankan.

Àwọn kan á ní àwọn tó ń ṣe AC ló ń jẹ wá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Bí ọ̀gá kan bá fi wákàtí méjì wá ihò, tó wá sọ iye owó rẹ̀, a ó ní, "Kí lo ṣe gan-an?" Àmọ́ tó bá gbé agolo gáàsì síta, kíá la máa sanwó. Bó bá jẹ́ gáàsì nìkan là ń sanwó fún, gáàsì nìkan náà ni wọ́n á máa tà fún wa.

Lóòótọ́, rọ́bà páìpù máa ń jẹ́ kí díẹ̀ sá jáde, ọkọ̀ tó ti pẹ́ sì lè nílò àfikún lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nítorí náà, kí wọ́n tó rọ gáàsì sí tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè: Ibo ló ń jò? Ṣé ẹ máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde? Gíráàmù mélòó lẹ fẹ́ rọ sí i? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má ná owó àyẹ̀wò mọ́ ọn lọ́wọ́.