Ọ̀bẹ Kọ́ Ló Ń Tan Jẹjẹrẹ Ká

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án o! Bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ni yóò ràn bí iná ọyẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹbí fi ń dá aláìsàn padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, pàápàá ẹni tí jẹjẹrẹ mú ní ahọ́n tàbí ní àgbọ̀n. Àánú ló ń mú wọn sọ ọ́. Síbẹ̀, irọ́ ni, ó sì ń pa èèyàn.

Ibi tí irọ́ náà ti fìdí múlẹ̀ kò farasin. Egbò kékeré yọ létí ahọ́n. Wọ́n fi àgbo fọ̀ ọ́, oṣù ń gorí oṣù. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, àìsàn ti wọ egungun, ó ti so kókó sí ọrùn. Aláìsàn kú, ọ̀bẹ tó dé kẹ́yìn ni wọ́n dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ kì í dúró de ọ̀bẹ kó tó rìn. Fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹnu lọ sọ́rùn, tó ń ti ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí kí ó má baà ṣẹ́kù ni wọ́n ṣe ń gé díẹ̀ mọ́ ọn lára ẹran tó dá ṣáṣá.

N kò ní tàn yín pé iṣẹ́ náà kò léwu. Ó léwu, pàápàá títún ojú tàbí àgbọ̀n tí wọ́n gé ṣe. Wọ́n lè yí ẹran àyà gòkè wá dí ihò náà, bí oníṣẹ́ abẹ Stephan Ariyan ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979. Wọ́n sì lè gé egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi tún àgbọ̀n ṣe, kí wọ́n fi okùn tó tín-ín-rín ju irun lọ rán iṣan náà mọ́ ti ọrùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbẹ̀, ẹran tí wọ́n gbìn á kú. Láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń wo àwọ̀ ẹran náà ní wákàtí wákàtí. Bí wọ́n bá tètè fura, wọ́n lè tún iṣan náà rán. Itọ́ lè jò gba ọrùn, ojú ọgbẹ́ sì lè kẹ̀. Sìgá, àtọ̀gbẹ, àìjẹun dáadáa àti ìtànṣán tí wọ́n ti fi tọ́jú ọrùn tẹ́lẹ̀ ń dá kún un. Síbẹ̀, níbi tí iṣẹ́ náà ti mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹran tó ń yè lé ní 90 nínú 100.

Wọ́n ní gígé egungun ẹsẹ̀ yìí á sọ aláìsàn di arọ. Rárá! Egungun ojúgun ńlá ló ń gbé wa dúró. Wọ́n sì máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ má baà yẹ̀. Ẹsẹ̀ lè máa ro ó, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè má lágbára bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó máa rìn.

Ẹni tó jókòó sílé ńkọ́? Jẹjẹrẹ náà á dí ọ̀fun títí omi kò fi ní lọ mọ́, tàbí kó jẹ iṣan ọrùn lu.

Ẹ̀yin ẹbí aláìsàn, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ: Níbo lẹ ti máa gé ẹran? Irú rẹ̀ mélòó lẹ ti ṣe? Ta ni yóò ṣọ́ ọ lóru? Bí kò bá mú, kí lẹ máa ṣe? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ bá dókítà mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Egbò ẹnu tó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ 3 tí kò jinná, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.