Kí Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Ètò Kọ̀ǹpútà fún Ọjà Kọ́kọ́ Wá Jókòó Lọ́jà

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ fẹ́ ṣe ètò tí oníṣòwò yóò máa fi ṣírò ọjà àti owó lórí fóònù. Inú wa dùn sí i. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé orí ẹ̀rọ ni àwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àgbàdo ní Kétu. Ó ń ta àpò, ó ń ta tongolo. Oníbàárà tó ti Nàìjíríà wá san náírà, ẹni tó ti Pọ̀bẹ́ wá san sẹ́fà. Ẹnì kan gbé àpò mẹ́wàá, ó san ti mẹ́fà, ó ní ìyókù di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ "ó ti san" àti "kò tíì san" nìkan ni ètò inú fóònù mọ̀, níbo ni ìyá yìí yóò kọ owó àpò mẹ́rin sí? Inú ìwé rẹ̀ àtijọ́ náà ni. Kò ní pẹ́ tí yóò fi pa ètò náà tì, owó tó fi rà á sì ti gbé.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí tó lè dènà irú àdánù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní conception orientée objet. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, níbi tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà Simula 67, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣe àfarawé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lójú ayé.

Kò ṣàjèjì sí ará ọjà. Kí ẹni tó ń ṣe ètò tó kọ ìlà kan, kó béèrè pé: àwọn nǹkan wo ló wà nínú òwò yìí? Oníbàárà, ọjà, gbèsè, owó tí a gbà. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀? Gbèsè gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ ẹ́, iye tó kù, àti bóyá náírà ni tàbí sẹ́fà. Nǹkan mìíràn kò sì gbọ́dọ̀ ti ẹ̀yìn yí iye yẹn padà. Yóò ní láti sọ fún gbèsè pé wọ́n san 20.000, kí gbèsè fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Bí àpótí owó ìyá náà ni: ọmọ iṣẹ́ kì í dédé kọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí fóònù, ibi tí owó ń gbà wọlé ni wọ́n á tún ṣe, wọn ò ní wó gbogbo ilé.

Ní 1989, Kent Beck àti Ward Cunningham ní Amẹ́ríkà fi páálí kékeré kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Orúkọ nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kọ sórí páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí ò sì bèèrè iná mànàmáná! Kí àwọn olùkọ́ wa rán àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa lọ́jà, ẹ má sanwó ètò kankan àfi tí ẹni tó fẹ́ tà á bá ti jókòó tì yín láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kan. Ẹ sọ ti àwìn fún un, ti ọjà tó bàjẹ́, ti èènì tí ẹ ń bù sí i. Kó kọ ọ́ sórí páálí, kó kà á padà sí yín létí ní Yorùbá. Bó bá fo èènì, ẹ dá a dúró, nítorí àgbàdo tí ètò rẹ̀ yóò máa kà kò ní bá èyí tó wà nínú àpò yín mu láé.