Ooru Kọ́ Ni Àìsàn Kọ̀ǹpútà Yín

Lẹ́yìn ètò tí a ṣe lórí ooru inú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ to kọ̀ǹpútà kan fúnra wa, nílé wa ní Manchester. Orí rẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Nígbà tí a kó lọ sí ilé mìíràn, mo gbé e dùbúlẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fáànù á máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, kò ní pẹ́, gbogbo rẹ̀ á kú fin-ín. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ọmọ yìí fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní processor ti jóná, kí n lọ ra òmíràn. Díẹ̀ ló kù kí n sanwó.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà rèé. Ìwà "lọ ra òmíràn" yìí ti mọ́ wa lára jù. Bí ara ọmọ bá gbóná, ṣé a máa ń pààrọ̀ ọmọ ni? Ohun tó fà á là ń wá. Ooru kì í ṣe àìsàn, àmì àìsàn ni. Processor tó ti jóná lóòótọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í sábàá tàn mọ́. Èyí tó ń gbóná tó sì ń pa ara rẹ̀, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni.

Ẹ wò ó báyìí: iná tí processor ń jẹ, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Irin ńlá tó wà lórí rẹ̀ ló ń fa ooru náà, fáànù á wá fẹ́ ẹ dànù. Láàárín irin àti processor, thermal paste ló ń dí àwọn àlàfo kéékèèké tí ojú wa kò rí, torí pé afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru dáadáa. Bí ọ̀nà yìí bá já níbì kan, ooru á há síbẹ̀.

Nílé, a wọ inú BIOS. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ooru ti wọ 90°C, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí dáadáa. Ká ní eruku lásán ni, díẹ̀díẹ̀ ni ì bá máa gòkè. Mo ní, "Irin yìí ò fara kan processor dáadáa." A pa á, a yọ okùn iná, a ṣí i. Àṣé ọ̀kan nínú èèkàn oníke mẹ́rin tó di irin náà mú ti yọ! A fi isopropyl alcohol nu thermal paste àtijọ́ kúrò, a fi tuntun sí i, bí ẹyọ ẹ̀wà kan. A tẹ èèkàn igun kan, a tẹ ti igun tó dojú kọ ọ́, títí gbogbo wọn fi dún kẹ́. Nígbà tí a tún wo BIOS, 38°C ni.

Mi ò sọ pé gbogbo ooru ni àléébù o. Àwọn processor Ryzen 7000 ti AMD, tó jáde ní 2022, lè dé 95°C nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Mi ò sì sọ pé ẹ má ra nǹkan rárá. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá kú nínú èyí tó ń lo omi, ẹ máa ra òmíràn dandan. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wọn ooru, kí ẹ wo fáànù, eruku, irin àti thermal paste, kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Iṣẹ́ ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ lásìkò. Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èèkàn ìkẹyìn, tó sì pariwo pé, "Dádì, ó ti dún!" Kò tún ní bẹ̀rù àtiṣí kọ̀ǹpútà mọ́.

Ó dìgbà kan ná.