Gàárì Ń Dán Lókè, Ẹ̀yìn Ẹṣin Ń Jẹrà Lábẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tí a jọ fi Kánò ṣe ibùgbé, bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Wọ́n fẹ́ ká bá àwọn ra gàárì, ìjánu àti àlùkẹ́ńbù lọ́jà Kurmi, torí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ awọ àwọn Hausa kò lẹ́gbẹ́. Látìgbà tí àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ọdún 2024 ti gba ayé kan, ìpè náà tún pọ̀ sí i. Kò burú, ọ̀nà oúnjẹ ni fún àwọn ọmọ wa tó ń ṣe alárinà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn ń béèrè. Ṣé ó pupa? Ṣé idẹ rẹ̀ ń dán? Kò sẹ́ni tó ń béèrè aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tó ń wà láàárín gàárì àti ẹ̀yìn ẹṣin.

Mo rí ẹṣin kan tí wọ́n háyà fún ìgbéyàwó ládùúgbò wa níbí. Fóòmù tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi tẹ́ gàárì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, awọ ẹ̀yìn ẹṣin bá a wá. Ó ń rùn. Ẹni tó ni ín ní kò sí wàhálà, aṣọ á bò ó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o: ẹṣin tí ẹ̀yìn ń ro lè ta ẹni tó gùn ún dànù, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ la sì ń gbé lé e láti ya fọ́tò.

Eegun ẹ̀yìn ẹṣin kọ́ ló yẹ kó ru èèyàn. Ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun náà, lọ́tùn-ún lósì, ló ń gbé ẹrù. Ìdí nìyẹn tí gàárì gidi fi ń ní àlàfo láàárín. Bí ẹ bá tẹ́ aṣọ, iwájú ni kí ẹ ti gbé e lé, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn, kí irun ẹṣin lè sùn síbi kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fà á sókè díẹ̀ wọ inú àlàfo yẹn, kó má baà lẹ̀ mọ́ eegun. Aṣọ òwú tó nípọn tàbí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe dára, wọ́n ń fa òógùn mu. Ooru ni fóòmù ń mú dúró.

Àwọn kan ní bí gàárì bá há, ká ki aṣọ méjì sábẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀, ṣé ìbọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kó wọ̀? Bí ẹ bá tú gàárì, ẹ wo òógùn abẹ́ rẹ̀: ibi tó gbẹ láàárín èyí tó tutù, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ni gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Irun funfun tó hù gátagàta lábẹ́ gàárì, àpá ìyà àtijọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Ọ̀já ikùn ńkọ́? Ẹṣin mìíràn gbọ́n, á wú ikùn bí a bá ń dì í. Tó bá rìn díẹ̀, ọ̀já á dẹ̀, gàárì á yí. Nítorí náà, ẹ tún un fà kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Linzami, ìjánu tí wọ́n ń lò níbí, le púpọ̀. Ẹni tó bá ń fa okùn rẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga, ẹ̀jẹ̀ ni yóò bá lẹ́nu ẹṣin.

Èmi ò sọ pé ká má gẹṣin. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin onílé bá gbé ọmọ àlejò ṣubú, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè di ńlá mọ́ wa lọ́wọ́. Mo máa gbé e wá sípàdé oṣù tó ń bọ̀ pé kí alárinà kankan má ta gàárì lórúkọ wa láìfi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ méjì kún un, ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan fún fífọ̀, torí iyanrìn ọyẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ mọ́. Bákan náà, ká má sanwó háyà ẹṣin tí a kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹni tó bá ní aṣọ òwú àtijọ́ tó nípọn, kó mú un dání wá, a ó wá télọ̀ tí yóò rán an.